Ta Ló Sọ fún Ikùn Pé Iyán Ń Bọ̀?

Bí ọmọ odó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún nírọ̀lẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ìjerò, ọ̀fun ẹni tí ebi ń pa nílé kejì á ti máa dá tòló. Iṣu ò tíì kúnná, ẹ̀gúsí ṣì ń hó lórí iná, ẹnì kankan ò sì tíì bomi fọwọ́, ṣùgbọ́n itọ́ ti kún ẹnu. Ohun tí kò hàn sójú ni pé ikùn pẹ̀lú ti ń sun omi tirẹ̀ lásìkò kan náà. Ta ló sọ fún un? Ó gba àwọn onímọ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tó 150 ọdún kí wọ́n tó rí ìdáhùn, èyí tí wọ́n sì kọ́kọ́ rí, ìlàjì lásán ni.

Kí wọ́n tó wá ẹni tó ń ránṣẹ́, wọ́n ní láti kọ́kọ́ gbà pé omi kan wà níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ń sọ láyé ìgbà yẹn ni pé ńṣe ni ikùn ń gún oúnjẹ títí á fi kúnná. Àwọn mìíràn ní ó ń jẹrà níbẹ̀ ni. Lọ́dún 1752, Réaumur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, lo àwòdì láti fi wádìí ọ̀rọ̀ náà, torí ẹyẹ yìí máa ń bi ohun tí kò bá dà nínú rẹ̀. Ó ki ẹran bọ inú ọ̀pá irin kékeré tí ẹnu rẹ̀ ṣí, ó sì jẹ́ kí ẹyẹ náà gbé e mì. Nígbà tí àwòdì bì í, irin ò tẹ̀, kò sí ohun tó lè gún ẹran tó wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ẹran náà ti rọ̀, ó ti ń yọ́. Omi ló ṣe é.

Lazzaro Spallanzani, àlùfáà ìjọ Àgùdà ní Ítálì, kò fi ti ẹyẹ nìkan mọ. Òun fúnra rẹ̀ gbé àpò aṣọ kéékèèké tó di búrẹ́dì àti ẹran sí mì, ó sì lọ dúró dè wọ́n níbi tí oúnjẹ ń jáde sí. Ó mú ara rẹ̀ bì nígbà tí ikùn rẹ̀ ṣófo kó lè rí omi náà gbà. Ó tiẹ̀ ki ìgò omi ikùn tó fi ẹran sí bọ abẹ́ abíyá rẹ̀, kó lè móoru bíi ti inú ara. Àwọn kan ń fi ara wọn sílẹ̀ fún ìmọ̀ lóòótọ́.

Kò sẹ́ni tó bi ẹni tó kàn bóyá ó fẹ́ fi ara tirẹ̀ sílẹ̀.

Alexis St. Martin ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Kánádà tó ń sọ èdè Faransé, tó ń bá àwọn oníṣòwò awọ ẹran wa ọkọ̀ ojú omi. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1822, nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní erékùṣù Mackinac ní Amẹ́ríkà, ìbọn ṣèèṣì yìn, ó sì fọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. William Beaumont, dókítà àwọn ọmọ ogun tó wà níbẹ̀, tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rò pé ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́ bá a. Ó mọ́ bá a. Ọgbẹ́ náà jinná, àmọ́ ihò kan ṣẹ́ kù tó ti ìta wọ inú ikùn rẹ̀ tààrà, kò sì dí mọ́ títí ó fi kú. Bí wọn ò bá fi aṣọ dí i, ohun tó jẹ á máa gbabẹ̀ jáde.

Beaumont rí i pé Ọlọ́run ti ṣí fèrèsé kan fún òun. Láti ọdún 1825, ó ń so ègé ẹran màlúù, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, búrẹ́dì àti kábéèjì mọ́ òwú sílíìkì, á tì wọ́n wọ inú ihò náà, á sì fà wọ́n jáde lẹ́yìn wákàtí kan, wákàtí méjì, láti wo ohun tó ṣẹ́ kù. Ó bu omi náà sínú ìgò, ó fi ẹran sí i, ó mú un móoru, ẹran sì dà nínú ìgò bó ṣe ń dà nínú ikùn. Ohun tó gbà ni pé ikùn tó ṣófo kì í sun omi náà. Lójú tirẹ̀, ìgbà tí oúnjẹ bá kàn án ló ń sun ún. Ó tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí St. Martin bá bínú, oúnjẹ kì í tètè dà. Ọkùnrin náà kò sì ṣaláìní ìdí tí yóò fi máa bínú: ọmọ ọ̀dọ̀ dókítà ni, kò mọ̀wé, àmì lásán ló fi sábẹ́ ìwé àdéhùn tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ lọ́dún 1832. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Beaumont tẹ ìwé rẹ̀ jáde, tó sì di olókìkí. St. Martin gba ilé rẹ̀ lọ ní Kánádà, kò sì gbà kó padà wá mọ́ bí wọ́n ṣe bẹ̀ ẹ́ tó. Nígbà tó kú lọ́dún 1880, ẹbí rẹ̀ tẹ́ òkú rẹ̀ sínú oòrùn títí ó fi bàjẹ́, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ jìn gan-an, wọ́n sì sin ín síbẹ̀ kí dókítà kankan má bàa hú u. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi.

Ní Lọ́ńdọ́nù, William Prout ti sọ lọ́dún 1823 pé ásíìdì, ìyẹn ohun kíkan tó wà nínú omi náà, kì í ṣe àjèjì: hydrochloric acid ni, irú èyí tó wà nínú ìgò ní yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Lọ́dún 1836, Theodor Schwann ará Jámánì rí ohun kejì tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn pepsin, ẹ́ńsáìmù tó ń gé ẹran sí wẹ́wẹ́. Wọ́n ti wá mọ omi náà. Wọn ò tíì mọ ẹni tó ń pàṣẹ fún un.

Ajá àti agogo ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ Ivan Pavlov ará Rọ́ṣíà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú un gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1904. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà ni. Ó gé ọ̀nà oúnjẹ ajá lọ́rùn, ó yọ ẹnu rẹ̀ síta, ó sì tún dá ihò sí ikùn rẹ̀. Ajá á máa fi ìwọra jẹ ẹran, á gbé e mì, ẹran á jábọ́ láti ọrùn padà sínú abọ́, ajá á tún kó o jẹ. Ẹyọ kan ò dé ikùn. Síbẹ̀, láàárín bíi ìṣẹ́jú 5, omi ikùn ti ń ṣàn. Nígbà tó wá gé iṣan méjì tó ń ti ọpọlọ gba ọrùn sọ̀ kalẹ̀ sí ikùn, omi ò ṣàn mọ́. Ìdáhùn àkọ́kọ́ nìyẹn: ọpọlọ ló ń ránṣẹ́, iṣan ló ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Òórùn ọbẹ̀, ojú tí a fi rí i, adùn rẹ̀ lẹ́nu, títí kan ìró odó tí etí ti mọ̀ láti kékeré, ọ̀nà yẹn ni gbogbo wọn ń gbà. (Wọ́n ń ta omi ikùn ajá wọ̀nyí fún àwọn tí oúnjẹ kì í dà fún, owó tó ń tibẹ̀ wọlé kò sì kéré.)

Àwa ará Èkìtì ní ọ̀rọ̀ tiwa níbí yìí. Itọ́ ní ẹ́ńsáìmù tó ń sọ sítáàṣì iṣu di ṣúgà, ṣùgbọ́n ìgbà wo ló fẹ́ rí iyán ṣe? A kì í rún òkèlè lẹ́nu, a ń fi ọbẹ̀ gbé e mì ni. Itọ́ tó bá bá òkèlè wọlé á ṣiṣẹ́ díẹ̀ nínú ikùn, kí ásíìdì tó wọ àárín òkèlè náà, tó sì pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ iyán, pánkríàsì ló ń ṣe é, ẹ̀yà ara gígùn kan tó sùn sẹ́yìn ikùn, tó ń da omi rẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré. Kì í kàn da omi rẹ̀ nù. Ìgbà tí ikùn bá ti ń tú ẹrù rẹ̀ sínú ìfun ló ń sun gan-an. Pavlov gbà pé iṣan ló ń sọ fún pánkríàsì náà.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 1902, ní University College ní Lọ́ńdọ́nù, William Bayliss àti Ernest Starling dán an wò. Àna ara wọn ni wọ́n. Bayliss ló fẹ́ ọmọ ìyá Starling. Wọ́n fi oògùn kun ajá kan lóorun, wọ́n gé gbogbo iṣan tó so apá kan ìfun rẹ̀ mọ́ ara ìyókù, wọ́n fi ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nìkan sílẹ̀. Wọ́n wá da ásíìdì díẹ̀ sínú ìfun yẹn. Bó bá jẹ́ iṣan ló ń jẹ́ iṣẹ́, pánkríàsì ò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Pánkríàsì mọ̀. Omi rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

Starling ò jẹ́ kó tutù. Ó ha awọ inú ìfun ajá náà, ó fi yanrìn àti ásíìdì lọ̀ ọ́, ó sẹ́ ẹ, ó sì fa omi rẹ̀ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lọ́rùn ajá. Omi pánkríàsì tún kán. Ohun kan wà nínú awọ ìfun, nígbà náà, tó ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ bí ásíìdì bá kàn án, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé dé ọ̀dọ̀ pánkríàsì. Secretin ni wọ́n pè é. Lọ́dún 1905, Starling pe gbogbo irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní họ́mónù, orúkọ tí ínsúlíìnù àti àwọn ohun tó ń ṣètò oyún wá ń jẹ́ títí dòní. Nígbà tí ìròyìn dé Rọ́ṣíà, Pavlov ní kí wọ́n ṣe ìdánwò náà lójú òun. Ó rí i, ó sì gbà pé wọ́n jàre.

Láti ìgbà yẹn ni àwọn ìránṣẹ́ yòókù ti ń jáde. John Edkins sọ lọ́dún 1905 pé ikùn náà ní tirẹ̀, gastrin, tó ń mú kí ásíìdì pọ̀ nígbà tí ẹran bá wọlé. Wọn ò gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí àwọn onímọ̀ méjì, Gregory àti Tracy, fi yọ ọ́ nínú ikùn ẹlẹ́dẹ̀ ní Liverpool lọ́dún 1964. Ọdún 1928 ni wọ́n rí cholecystokinin, èyí tí ọ̀rá ń jí: bí òróró ẹ̀gúsí bá dé ìfun, òun ló ń sọ fún àpò òróòro pé kó fún omi rẹ̀ jáde, tó sì ń ní kí pánkríàsì da ẹ́ńsáìmù. Secretin ní tirẹ̀ ń mú kí pánkríàsì tú omi tó ń pa oró ásíìdì, kí ìfun má bàa jóná. Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé àṣẹ náà ní ìdádúró nínú ara rẹ̀: bí ásíìdì inú ikùn bá ti pọ̀ tó, ásíìdì yẹn gan-an ló ń ní kí gastrin sinmi. Itọ́, omi ikùn, òróòro, omi pánkríàsì àti ti ìfun, bí a bá pa gbogbo wọn pọ̀, tó nǹkan bíi lítà 7 lójúmọ́, ara sì ń fa èyí tó pọ̀ jù padà.

Nígbà tí wọ́n mọ ibi tí àṣẹ ń gbà, wọ́n lè dí ọ̀nà rẹ̀, kí ọgbẹ́ inú ikùn lè jinná. James Black ṣe oògùn cimetidine, tó jáde lọ́dún 1976, láti pa ẹnu histamine, ìránṣẹ́ mìíràn tó ń pàṣẹ ásíìdì. Omeprazole tẹ̀ lé e, èyí tó ń ti ibi tí ásíìdì ti ń tú jáde gan-an. Inú ọlọ́gbẹ́ inú dùn, àmọ́ ọgbẹ́ ọ̀pọ̀ wọn ń padà. Lọ́dún 1984, Barry Marshall ní Ọsirélíà po kòkòrò Helicobacter pylori mu kó lè fi hàn pé kòkòrò yìí lè ba ikùn jẹ́, ikùn rẹ̀ sì wú nínú; òun àti Robin Warren gba Nobel lọ́dún 2005. Ata àti ààwẹ̀ ni a máa ń dá lẹ́bi nílé wa, ṣùgbọ́n kòkòrò yìí àti àlòjù oògùn ara ríro ló ń fa ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ inú. Ìdí nìyẹn tí dókítà ní Adó fi lè ní kí o lọ ṣe àyẹ̀wò ná. Bí wọ́n bá rí kòkòrò, oògùn méjì tó ń pa á ni yóò kọ mọ́ omeprazole, fún ọjọ́ 7 tàbí 14. Ẹni tó bá lọ dá omeprazole nìkan rà ní kẹ́míìsì, omi ló dín kù, kòkòrò ṣì wà níbẹ̀.