Kí ni báyáàsì, kí ló sì ń ṣe létí kúbusù ọmọ?

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ní Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́, tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ ra báyáàsì, rìbọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ká mọ́ páálí ni wọ́n máa nà sí yín. Wọ́n ti ṣẹ́ etí rẹ̀ méjèèjì sínú, wọ́n ti lọ̀ ọ́, ó kù kí ẹ fi gbá etí aṣọ, ìyẹn ni pé kí ẹ fi bo etí rẹ̀ yípo. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwa aránṣọ fi gbà pé orúkọ rìbọ́n yẹn ni báyáàsì. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe gbà, títí kúbusù ọmọ kan fi dójú tì mí.

Àbúrò mi obìnrin ló bímọ, mo sì ti lérí pé n kò ní ra ẹ̀bùn kankan lọ́jà, ọwọ́ ara mi ni màá fi rán an. Mo kó àjákù àǹkárá tó wà nílẹ̀, mo gé wọn ní onígun mẹ́rin, mo tò wọ́n pọ̀ di ojú kúbusù. Mo tẹ́ òwú pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀, mo fi fúlánẹ́ẹ̀lì ṣe ẹ̀yìn, mo wá rán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra wọn kí òwú àárín má baà ṣù pọ̀ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Irú kúbusù onípele mẹ́ta yìí ni wọ́n ń pè ní quilt. Mo gé igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní róbótó, torí ó wù mí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó kan etí, mo gé àǹkárá yẹ́lò kan gbọọrọ lóòró, mo fi gbá a yípo. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, gbogbo èèyàn ní ó dára. Wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká sókè bí etí abọ́. Ìyá ọkọ àbúrò mi wò ó títí, wọ́n ní, “Àǹtí, ṣé ọmọ la máa tẹ́ sí i ni, àbí ká bu omi sí i?”

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Òkè Àró. Màmá ò tiẹ̀ wo bí mo ṣe rán an. Wọ́n fa àjákù tẹ́rú kan yọ lábẹ́ máṣíìnì, onígun mẹ́rin, tó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ díẹ̀.

“Dì í mú lóòró, kí o fà á.”

Mo fà á. Kò mira.

“Fà á níbùú.”

Ó jẹ́ díẹ̀, kò tó nǹkan.

“Ó dáa, mú igun yìí àti igun tó dojú kọ ọ́.”

Mo fà á, aṣọ náà sì ń gùn lọ́wọ́ mi bí rọ́bà, bẹ́ẹ̀ ni àárín rẹ̀ ń tín-ín-rín. Mo jọ̀wọ́ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí bó ṣe wà.

“Ohun tí à ń pè ní báyáàsì nìyẹn,” ni Màmá wí. “Ara aṣọ ló wà. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, wọ́n kàn bá ọ gé e ni.”

Ọ̀nà tí òwú gbà lára aṣọ ni ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo aṣọ híhun, ìbáà ṣe àǹkárá, tẹ́rú tàbí aṣọ òfì, òwú oríṣi méjì ló wà lára rẹ̀. Àwọn kan ni ahunṣọ kọ́kọ́ ta gbọọrọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hun: àwọn ló lọ lóòró, tí wọ́n bá etí aṣọ rìn, etí tí wọ́n máa ń tẹ orúkọ sí lára àǹkárá. Àwọn yòókù ni ọ̀kọ̀, igi tí ahunṣọ fi ń ju òwú, ń gbé kọjá níbùú, lọ, bọ̀. Òwú òòró ti le dain-dain láti orí òfì, ìdí nìyẹn tí kì í fi í jẹ́ tẹ́ ẹ bá fà á. Ti ìbú rọ̀ jù ú lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fà á láti igun dé igun, kò sí òwú kankan tó gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ. Ojú kéékèèké onígun mẹ́rin tí òwú òòró àti ti ìbú dì láàárín ara wọn ló ń wó sí ẹ̀gbẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá fi okùn so igi mẹ́rin pọ̀ bíi férémù wíńdò, tó wá fi ọwọ́ tì í: igi kankan ò ní gùn sí i, ṣùgbọ́n férémù náà máa dà gẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ̀ láàárín òòró àti ìbú gan-an, ìwọ̀n 45 dígírì, lojúlówó báyáàsì.

(Aṣọ bíi ti síńgílẹ́ẹ̀tì kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọn ò hun ún bí èyí, kíkọ́ ni wọ́n kọ́ ọ bíi súwẹ́tà, ó sì ń fà fúnra rẹ̀.)

Ẹ jẹ́ ká padà sí kúbusù mi. Ìlà aṣọ tí a fi ń gbá etí, bákan náà ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ṣe gùn. Tó bá dé igun tó rí róbótó, ẹ̀gbẹ́ tó wà lóde ní láti rin ọ̀nà tó jìn ju ti ẹ̀gbẹ́ inú lọ. Bí a bá gé ìlà náà lóòró, òwú líle ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, èyí tó wà lóde ò sì ní gùn sí i. Ó ní láti wá ààyè, kúbusù ló sì máa fà sókè. Àyọ́ọ̀nù gbígbóná lè bo àṣírí yẹn fún ọjọ́ kan, omi ló máa tú u. Tó bá jẹ́ báyáàsì ni, òde máa gùn, inú máa sún kì, gbogbo rẹ̀ á sì sùn sílẹ̀ pẹlẹbẹ.

Kí ló dé tí èèyàn á mọ èyí tí á tún gé e lóòró tàbí níbùú? Owó ni. Àǹkárá tó fẹ̀ tó 45 ínǹṣì, tẹ́ ẹ bá gé ìlà mẹ́rin níbùú rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 2½ ínǹṣì, 10 ínǹṣì péré lẹ gé kúrò lára yáàdì yín, ó sì ti yí kúbusù ká. Kúbusù 36 ínǹṣì sí 36 ínǹṣì, 144 ínǹṣì ni etí rẹ̀ yípo, ìyẹn yáàdì 4. Tó bá jẹ́ báyáàsì lẹ fẹ́ gé, ẹ nílò aṣọ onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ 24 ínǹṣì. Ẹ ṣẹ́ ẹ láti igun dé igun, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sójú ibi tó ṣẹ́, kí ẹ wá máa wọn 2½ ínǹṣì lọ sí ọ̀tún àti òsì. Ìlà mẹ́jọ tó wúlò máa jáde, àwọn tó gùn jù máa tó 28 ínǹṣì, àwọn tó kúrú jù á tó 13. Tẹ́ ẹ bá so wọ́n pọ̀, ó máa lé ní 160 ínǹṣì, ẹ sì máa rí díẹ̀ fi gbá ọrùn bíìbù ọmọ.

Ẹ máa gé orí àwọn ìlà náà gẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó so wọ́n, kí ojú ìsopọ̀ lè dà gẹ̀rẹ̀, kó má ṣù síbì kan. Ẹ má fa àyọ́ọ̀nù lórí rẹ̀ o. Ẹ gbé e lé e, ẹ gbé e kúrò, torí tẹ́ ẹ bá wọ́ ọ, ó ti gùn nìyẹn. Lórí igun kúbusù, ẹ má fà á rárá, ẹ kàn tẹ́ ẹ jẹ́ẹ́, kó tiẹ̀ dẹ̀ díẹ̀. Ọrùn bíìbù ló yàtọ̀: inú ni róbótó ibẹ̀ kọ sí, ibẹ̀ lẹ ti lè fà á díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń rán an.

Tí igun kúbusù bá ṣe ṣánṣán, a kì í fi dandan lé báyáàsì, ìlà òòró tó. Síbẹ̀ èmi ṣì máa ń lò ó. Létí tí a gé lóòró, òwú kan ṣoṣo lè sùn lé ojú ibi tó ṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọjọ́ tí fífọ̀ bá já a, etí bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ gbọọrọ nìyẹn. Òwú báyáàsì kọjá ojú ibẹ̀ ni, wọn ò sùn lé e, nítorí náà bí ọ̀kan bá já, ojú kan ló já. Kúbusù ọmọ, fífọ̀ kì í tán lára rẹ̀. Aṣọ oníláìnì tún ń dáa gan-an níbẹ̀: gbogbo láìnì rẹ̀ á dà gẹ̀rẹ̀, á dà bíi pé ẹ náwó púpọ̀ sí i. Aṣọ òkè lẹ ò lè gé ní báyáàsì fún etí, torí awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so pọ̀ ni, ojú ìsopọ̀ wọn á máa kọjá níbi gbogbo.

Aránṣọ ilẹ̀ Faransé kan, Madeleine Vionnet, tí wọ́n bí lọ́dún 1876, fi báyáàsì rán odindi gáùn ní Paris, aṣọ náà sì ń sọ̀ mọ́ ara láìsí rọ́bà. Iṣẹ́ tiwa ò tó bẹ́ẹ̀, etí la kàn ń gbá.

Tẹ́ ẹ bá gbé kúbusù náà fún ìyá ọmọ, ẹ bá a sọ ọ́ pé orí ẹní ni kó máa tẹ́ ẹ sí, kí ọmọ máa ṣeré lórí rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bá là. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ sùn pẹ̀lú kúbusù tó nípọn lára, ó lè bò ó nímú.

Tó bá jẹ́ ti páálí lẹ fẹ́ rà lọ́jà, ẹ tú ìwọ̀n ọwọ́ méjì kí ẹ fà á. Ẹ wo ojú òwú rẹ̀ náà: tí òwú bá ń bá etí rìn ní tààrà, rìbọ́n lásán ni wọ́n pè ní báyáàsì fún yín. Ìyá ọlọ́jà lè pariwo pé ẹ fẹ́ ba ọjà òun jẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i.