"Takai" kò fẹ́ "da": ọ̀rọ̀ àpèjúwe oní-"i" nínú èdè Jàpáànù

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí kó tó jókòó sí kíláàsì. Gẹ̀ẹ́sì tí a fi kàwé ni kì í jẹ́ kó rántí.

Bí a bá ní "òkè náà ga", a kì í wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí yóò so òkè mọ́ ga. "Ga" ti dá iṣẹ́ náà ṣe. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú èdè Jàpáànù, "i" ni wọ́n sì ń parí sí: takai ni ga, nagai ni gùn, omoi ni wúwo. Fuji-san wa takai: òkè Fuji ga. (Ó kúkú ga, mítà 3,776.) "Wa" kàn ń tọ́ka sí ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí ni.

Ìdí nìyí tí mo fi ń fagi lé "takai da" nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. "Da" ń ṣe iṣẹ́ "ni" tiwa, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-orúkọ ló sì ń gbé. Ẹ óò gbọ́ "takai desu" o, àmọ́ ọ̀wọ̀ lásán ni "desu" yẹn, bí ìgbà tí a bá fi "ẹ" bá àgbà sọ̀rọ̀.

Ibi tí wọ́n ti yà kúrò lọ́dọ̀ wa ni pé ọ̀rọ̀ náà máa ń yíra padà. Takai tún lè jẹ́ pé ọjà wọ́n. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́: 高い, takai, ó wọ́n, 高くない, takakunai, kò wọ́n. Bó bá jẹ́ tàná, 高かった, takakatta, ó wọ́n. 高くなかった, takakunakatta, kò wọ́n. Ẹ wo àmì àkọ́kọ́ yẹn dáadáa: kò mira. い tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń kúrò, tí òmíràn ń gba ipò rẹ̀. Nítorí náà, kò sí "takai deshita". Ẹni tó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fúnni yóò sọ pé "takakatta desu".

Tó bá ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ, kò ní wàhálà rárá. Àwa ń sọ ga di gíga. Tiwọn, takai yama (òkè gíga) náà ni.

Ẹ ṣọ́ra fún kirei (rẹwà), yūmei (lókìkí) àti kirai (èyí tí a kò fẹ́ràn). "I" ló gbẹ̀yìn wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ oní-"na" ni wọ́n, àwọn tó ń gba "na" kí wọ́n tó kan ọ̀rọ̀-orúkọ: kirei na hana, òdòdó tó rẹwà. "Kireikunai" kò sí níbì kankan. Kirei ja nai ni. Irú wọn kò pọ̀, ẹ kọ́ wọn sórí.

Ọ̀kan ṣoṣo ló ya aláìgbọràn nínú ẹgbẹ́ oní-"i": ii, tó túmọ̀ sí dára. Yo ló máa ń dà kó tó yíra padà: yokunai, kò dára, yokatta, ó dára. Yokatta yìí náà ni wọ́n ń pariwo nígbà tí fóònù tó sọnù bá di rírí, níbi tí àwa yóò ti ní "ọpẹ́ o!"