Tíṣù tí wọ́n fi ń kí onílé tuntun ní Kòríà

Ẹni tó bá ń múra àtilọ sílé ará Kòríà yóò ti gbọ́ nípa bàtà tí wọ́n ń bọ́ sẹ́nu ọ̀nà àti ọwọ́ méjèèjì tí wọ́n fi ń fúnni ní nǹkan. Ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Ibi tó ń rú àjèjì lójú ni jipdeuri, àpèjẹ tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé tuntun máa ń se fún àwọn ọ̀rẹ́. Ṣe ni àlejò máa gbé tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé, odidi ọ̀rá kan tí róòlù 30 lè wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan pè é ní àwàdà, àwọn kan ní ahun ni. Àrokò ni. Owó ẹyọ méjì tí a so kọjú síra ń sọ pé ọkàn ẹni ń fà sí ẹnì kejì. Tí a bá so wọ́n kẹ̀yìn síra, ìjà dé nìyẹn. Tíṣù náà ń sọ̀rọ̀: ó máa ń tú geerege láìta kókó, kí ọ̀ràn onílé máa yanjú bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ń gbé ọṣẹ ìfọṣọ lọ: ó máa ń hó, kí ọrọ̀ máa ru sókè. Láyé àtijọ́, ìṣáná àti àbẹ́là ni wọ́n ń gbé lọ, kí ire máa ràn bí iná. Àmọ́ tí wọ́n bá ti túmọ̀ àrokò, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Iṣẹ́ tíṣù kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò kéré. Kò wọ́n, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fi ṣe fọ́rífọ́rí, ó sì máa tán. Níbi ìgbéyàwó ńkọ́? Inú àpòòwé ni owó ń wà, wọ́n ń kọ orúkọ àti iye sínú ìwé, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n máa san padà lọ́jọ́ kan.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣáà gbé tíṣù lọ bá òbí àfẹ́sọ́nà o. Èso tó dára nínú páálí tàbí ẹran màlúù ló yẹ wọ́n. Wọ́n á ní, "Kí lẹ tún ń ra nǹkan sí?" Wọn ò kọ̀ ọ́.

Ní báyìí, ọ̀pọ̀ ń fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ lórí KakaoTalk, áàpù tí àwọn ará Kòríà fi ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra. Ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á lè wo iye tí wọ́n ń tà á lórí fóònù kan náà.