Bàálù tó rí ràndànràndàn ní ohun tó ń wá

Bí àwọn èèyàn bá rí fọ́tò àwọn bàálù àbàmì ayé àtijọ́, wọ́n sábà máa ń bi àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ ẹ̀rọ bàálù pé ṣé orí ẹni tó ṣe é pé. Orí rẹ̀ pé. Ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè ni ìṣòro tó ń bá jà.

Ẹ wo BV 141, tí ilé iṣẹ́ Blohm & Voss ní Jámánì kọ́kọ́ gbé fò lọ́dún 1938. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló ní. Ẹ́ńjìnnì yìí àti ìrù wà lọ́wọ́ òsì, yàrá onígíláàsì tí àwọn atukọ̀ ń jókòó sí dá dúró lọ́wọ́ ọ̀tún. Iṣẹ́ alamí ni wọ́n ṣe é fún, wọn kò sì fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dí ẹni tó ń wo ilẹ̀ lójú. Yàtọ̀ síyẹn, abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níwájú bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan máa ń fẹ́ yí bàálù fúnra rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Richard Vogt, tó ya àwòrán rẹ̀, wá fi ìwúwo yàrá atukọ̀ ko agbára yẹn lójú. Nígbà tó yá, wọ́n gé ọ̀tún ìrù rẹ̀ kúrò kí ẹni tó ń yìnbọn lẹ́yìn lè ríran dáadáa! Ó fò dáadáa, ṣùgbọ́n Fw 189 ẹlẹ́ńjìnnì méjì ni àwọn ológun yàn.

Èyí tó wù mí jù ni X-29 ti Amẹ́ríkà, tó kọ́kọ́ fò ní 1984. Apá rẹ̀ dagun síwájú. Tí apá bá dagun sẹ́yìn, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ yẹ̀ lára rẹ̀, ṣóńṣó apá ló sábà máa ń kọ́kọ́ kọṣẹ́, tí kò ní lè gbé bàálù mọ́, ibẹ̀ sì ni ohun tí atukọ̀ fi ń mú bàálù dọ́gba wà. Tó bá dagun síwájú, ìdí apá, níbi tó ti so mọ́ ara bàálù, ló máa ń kọ́kọ́ kọṣẹ́, atukọ̀ ṣì lè darí bàálù. Jámánì ti dán irú apá yìí wò lára Ju 287 ní 1944. Ewu ibẹ̀ pọ̀: afẹ́fẹ́ máa ń lọ́ ṣóńṣó apá sókè, bó bá sì ṣe ń lọ́ ni afẹ́fẹ́ túbọ̀ ń rí i gbé, títí apá á fi kán. Irin tó lè dènà ìyẹn á wúwo jù. Fáíbà kábọ́ọ̀nù, ohun èlò tó fúyẹ́ tó sì le, tí wọ́n to fọ́nrán rẹ̀ lọ́nà tí kò fi ní jẹ́ kí apá lọ́, ló yanjú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà sì ń tún ìdúró bàálù náà ṣe tó ìgbà 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, torí kò lè dúró ṣinṣin fúnra rẹ̀.

Avrocar tí Kánádà ṣe fún àwọn ológun Amẹ́ríkà, tó rí bí àwo, ni n kò lè gbè lẹ́yìn. Bó bá ti ga ju nǹkan bíi mítà kan lọ, ṣe ló ń mì lọ mì bọ̀. Wọ́n pa á tì ní 1961.

YB-49, bàálù ajubọ́ǹbù tí ilé iṣẹ́ Northrop ní Amẹ́ríkà ṣe, náà mì ní tirẹ̀. Apá ni gbogbo ara rẹ̀, kò ní ìrù. Ó fò ní 1947, àmọ́ orí rẹ̀ kì í dúró sójú kan tó láti ju bọ́ǹbù síbi tí wọ́n fojú sùn. Lọ́dún 1989, ilé iṣẹ́ kan náà gbé B-2 fò. Kò ní ìrù, láti ṣóńṣó apá kan dé èkejì sì jẹ́ mítà 52.4, bíi ti YB-49 gẹ́lẹ́. Kọ̀ǹpútà ló ń mú un dúró.