Orin Zanku ti Zlatan

Zanku, tí àkọlé rẹ̀ ní kíkún jẹ́ Zanku Legwork, jẹ́ orin ijó tí a fi rápù Yorùbá gbé kalẹ̀, èyí tí olórin Zlatan gbé jáde ní ìparí ọdún 2018. Orúkọ kan náà ni orin yìí àti ijó rẹ̀ ń jẹ́, ó sì ṣòro láti sọ̀rọ̀ ọ̀kan kí a má mẹ́nu kan èkejì, nítorí ẹsẹ̀ àwọn oníjó ni ó gbé orin náà dé ibi tí ó dé.

Ọmọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì ni Zlatan. Ọmọ́níyì Tèmídayọ̀ Raphael ni orúkọ rẹ̀ gan-an, wọ́n sì bí i ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 1994. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí Zlatan Ìbílẹ̀, orúkọ tí ó bá a mu, nítorí èdè Yorùbá ìgboro ni ó ń fi kọrin jù. Abẹ́òkúta ni ó ti kàwé, ní Moshood Abiola Polytechnic tí ó wà ní Òjèrè, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn dá sílẹ̀ ní ọdún 1979, tí wọ́n sì wá fi sọrí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, ọmọ bíbí ìlú náà. Ní Abẹ́òkúta yìí kan náà ni ó ti gba ipò kìíní ní ọdún 2014 nínú ìdíje One Mic tí ilé-iṣẹ́ Airtel ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni òkìkí rẹ̀ ti kàn, àwọn ará Abẹ́òkúta kò ka orin rẹ̀ sí orin àlejò. Ní ọdún 2017, òun àti Olamide jọ kọ My Body, èyí tí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ ohùn rẹ̀.

Zlatan ṣàlàyé pé àwọn lẹ́tà orúkọ Zanku dúró fún "Zlatan Abeg No Kill Us", ìyẹn ni pé kí Zlatan jọ̀wọ́ má pa wá. Kí ó tó dé, shaku shaku ni ó gba òde kan, ijó tí a ń kó ọwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú, tí a sì ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní ti zanku, ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ wà fún: oníjó á máa fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀ léraléra, á yára pààrọ̀ rẹ̀, nígbà tí ìlù bá sì já, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á nà án jáde bí ẹni tí ó fẹ́ ta ilẹ̀kùn ní ìpá. Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí ni wọ́n ń pè ní gbẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wo oníbàtá dáadáa yóò rí i pé kì í ṣe ohun tuntun lójú Yorùbá kí ẹsẹ̀ máa dá ìlù lóhùn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ inú orin náà kò pọ̀. Ìlù tí ń sáré, àṣẹ tí olórin ń pa fún oníjó, àti ariwo ni ó gbé e ró. Zlatan tún ní igbe kan tí a fi ń dá a mọ̀ nínú àwọn orin rẹ̀, "Kapaichumarimarichopaco", èyí tí kò ní ìtumọ̀ nínú èdè Yorùbá, síbẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń ké lójú pópó. Rexxie wà lára àwọn tí iṣẹ́ wọn lórí ìlù sọ irú orin yìí di ẹ̀yà kan tí ó dá dúró.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, Burna Boy pe Zlatan sínú orin Killin Dem, ó sì jẹ́ kí ijó náà kọjá ààlà Nàìjíríà. Àwọn tí ń bá ènìyàn kó orin sórí mẹ́mọ́rì kádì ní Pánsẹ́kẹ́ àti Lafẹ́nwá ní Abẹ́òkúta kò lè fi zanku sílẹ̀ nígbà náà. Ní òde àríyá, ibi tí ó ti ń dùn-ún wò jù ni ìgbà tí àwọn onífújì tàbí onílù jùjú bá sinmi, tí dí-jéè sì gbà á lọ́wọ́ wọn: ọkùnrin tí ó wọ agbádá á ká a sí èjìká kí ó tó lè gbẹ́sẹ̀, àwọn obìnrin tí ìró dì mọ́ á sì fi ìwọ̀nba ìtẹ̀lẹ̀ mọ, wọn kò ní na ẹsẹ̀.

Àwọn àgbà kan kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní kò sí ọgbọ́n nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi wé àpàlà Àyìnlá Ọmọwúrà, ọmọ Ìtòkò ní Abẹ́òkúta, ẹni tí orin rẹ̀ kún fún òwe àti àròjinlẹ̀. Òtítọ́ ni pé zanku kò ní irú ìjìnlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Ọmọwúrà náà kò sá fún èdè ọjà àti ìgboro, èdè yìí gan-an ni Zlatan sì gbé wọ inú rápù.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2019, Zlatan gbé àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, Zanku ni ó sì pè é. Nígbà náà, Soapy ti Naira Marley ti mú ijó mìíràn wọ ìgboro, ṣùgbọ́n gbẹ́sẹ̀ kò kúrò lẹ́sẹ̀ àwọn oníjó.