Owó ló ń fa ọ̀pọ̀ sídìí kóòdù, kí ló ń mú wọn dúró síbẹ̀?

Láti South Gate FUTA títí dé Alágbàka l'Ákùúrẹ́, ẹ ó rí ọ̀dọ́ tó gbé láptọ́ọ̀pù kọ́ èjìká, tó ní òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Bí ẹ bá bi í léèrè ìdí, owó dọ́là ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Kò burú. Èèyàn lè jókòó sílé rẹ̀ ní Ìjàpò kó máa ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ ní Jámánì. Ṣùgbọ́n owó yẹn kì í tètè dé, ẹni tó bá jẹ́ pé òun nìkan ló ń retí, iṣẹ́ náà á ti sú u kó tó dé.

Ohun tó ń mú èèyàn dúró sídìí iṣẹ́ náà yàtọ̀. Ká ní ẹ fẹ́ kọ ètò kékeré fún ẹni tó ń ra kòkó: kó tẹ ìwọ̀n àpò kọ̀ọ̀kan, kí kọ̀ǹpútà bá a ṣe àròpọ̀ wọn. Ẹ kọ ọ́ ní Python, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, ẹ fi input, àṣẹ tó ń gba ohun tí èèyàn bá tẹ̀, gba nọ́ńbà. Àpò àkọ́kọ́ jẹ́ kílò 62, èkejì 63. Dípò 125, 6263 ló gbé jáde! Kọ̀ǹpútà kò ṣàṣìṣe. Ohunkóhun tí èèyàn bá tẹ̀ sínú input, ọ̀rọ̀ ni Python kà á sí, àmì + tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì sì máa ń so wọ́n mọ́ra ni. Ẹ fi àṣẹ float sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà, 125.0 á jáde.

Inú tó ń dùn nígbà tí ìdí ọ̀rọ̀ bá yéni báyìí ló ń mú akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ padà sídìí iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí 6263 kàn ń bí nínú, tí kò fẹ́ mọ ohun tó fà á, yóò jìyà nínú iṣẹ́ yìí bó ti wù kó mọ ìṣirò tó.

Ìkejì ni kí ẹnìkan máa lo ohun tí ẹ ṣe. Ẹ wá ẹni tí ẹ mọ̀, bí ìyá tó ń ta aṣọ l'Ọ́jà Ọba, tó ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sínú ìwé. Ẹ jókòó tì í fún wákàtí kan kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Fóònù rẹ̀ ni kí ètò náà bá mu, kó sì ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Kọ́bọ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣírò owó, kì í ṣe náírà tó ní ìdá lẹ́yìn àmì tó-tó (bíi 0.1), torí pé 0.1 + 0.2 ní Python á fún yín ní 0.30000000000000004. Èjì-èjì ni kọ̀ǹpútà fi ń ka nọ́ńbà, ìdá kan nínú mẹ́wàá kì í sì í pé délẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Fún ìwọ̀n kòkó, kò léwu. Fún gbèsè, ó lè dá ìjà sílẹ̀.

Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ lọ ni wíwo fídíò lórí fídíò láì kọ nǹkan kan. Ẹ wo ẹyọ kan, ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún kóòdù náà kọ láti orí ojú ewé òfìfo. Níbi tí ọwọ́ yín bá ti dúró, ibẹ̀ gan-an ni kò tíì yé yín. Ẹ tún wá ẹni méjì tí ẹ ó jọ máa ka kóòdù ara yín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àdánìkànṣe máa ń tètè súni.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má bi ọmọ léèrè iye tó ti rí. Ẹ ní kó fi ohun tó kọ hàn yín, kó sọ ohun tó kọ́kọ́ bàjẹ́ nínú rẹ̀, àti bó ṣe tún un ṣe. Bí kò bá rí nǹkan sọ, a jẹ́ pé fídíò ló ṣì ń wò.