Títẹ́ẹ̀sì ásẹ́níìkì nínú omi mímu lówó pọ́ọ́kú

Ásẹ́níìkì ni májèlé kan tó máa ń wà nínú àpáta àti yẹ̀pẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ láwọn ibì kan, ibẹ̀ ló ti ń bọ́ sínú omi kànga. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, ẹnu ò sì lè tọ́ ọ wò kó mọ̀ ọ́n, àfi kí wọ́n tẹ́ẹ̀sì omi náà. Ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti lo ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú jù fún un ni Bangladẹ́ṣì. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń gbẹ́ kànga onípọ́ǹpù káàkiri ibẹ̀, UNICEF náà bá wọn dá sí i, káwọn èèyàn lè yéé mu omi adágún tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, wọn ò sì tẹ́ẹ̀sì ásẹ́níìkì nígbà yẹn.

Bébà tó ń yí àwọ̀ padà

Ọ̀nà Gutzeit ni wọ́n ń lò jù, láti nǹkan bí ọdún 1879 ló sì ti wà. Wọ́n á bu omi sínú ìgò kékeré, wọ́n á da ásíìdì àti páúdà síńkì sí i, wọ́n á fi ìdérí tó ní bébà mẹ́kúrì bùrómáìdì dé e. Ásíìdì àti síńkì á mú háídírójìn jáde, háídírójìn á so mọ́ ásẹ́níìkì, á wá di gáàsì áásíìnì, bí gáàsì yẹn bá sì ti kan bébà, bébà á yọ àwọ̀ ìyeyè, tó bá pọ̀ gan-an á di búráwùn. Wọ́n á wá gbé bébà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì aláwọ̀ tó bá a wá, kí wọ́n lè mọ bí ásẹ́níìkì ṣe pọ̀ tó. Ìta gbangba ló yẹ kí wọ́n ti ṣe é torí májèlé ni áásíìnì fúnra rẹ̀. Omi tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ náà lè ba bébà láwọ̀ jẹ́, torí ẹ̀ ni àwọn kan ṣe ń fi òwú tí wọ́n rẹ sínú lẹ́ẹ̀dì ásítéètì (iyọ̀ òjé) sáàárín omi àti bébà.

Sùúrù ṣe pàtàkì níbí. Ìwádìí kan tó jáde ní 2005 lórí àwọn kànga Araihazar, àgbègbè kan ní Bangladẹ́ṣì, fi hàn pé tí wọ́n bá dúró fún ìṣẹ́jú 40 dípò 20, àṣìṣe á dín kù.

Pupa àti ewéko

Láàárín 2000 sí 2003, wọ́n tẹ́ẹ̀sì kànga bíi mílíọ̀nù 5 ní Bangladẹ́ṣì, èyí tí ásẹ́níìkì rẹ̀ bá ju mákírógíráàmù 50 lọ nínú lítà kan, wọ́n á kùn ún ní pupa, èyí tí ò bá tó bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ewéko. Àmọ́ 10 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dá lábàá, nítorí náà kànga aláwọ̀ ewéko lè ṣì ju ìyẹn lọ.

Àwọn ọ̀nà míì

Àwọn kan ń lo bakitéríà tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ásẹ́níìkì bá wà níbẹ̀, àwọn míì ń fi kámẹ́rà fóònù ka àwọ̀ bébà. Mítà TDS tó wà lọ́jà ò lè ṣe iṣẹ́ yìí, àròpọ̀ iyọ̀ tó yọ́ sínú omi nìkan ló ń sọ.